Oògùn Ìdí Tí Wọ́n Ní Ká Gbé Mì

[Omi ń dà. Ẹ̀gbọ́n wà nínú ilé ìwẹ̀, ọṣẹ kún orí rẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn bí wọ́n ṣe máa to àkọsílẹ̀ oògùn wọn sí ìlànà tuntun tí ìjọba là kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Òun ló ń pè.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ilé. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo ṣe?

ÀBÚRÒ: Mò ń kí yín ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò béèrè orúnkún Màmá rí láyé ẹ. Kí lo ṣe?

ÀBÚRÒ: Kò sí nǹkan. Ìbéèrè kékeré kan ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọṣẹ ń wọ̀ mí lójú. Tètè sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Ká sọ pé ẹnì kan — kì í ṣe èmi o —

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ni.

ÀBÚRÒ: Tí ẹnì kan bá gbé oògùn tí wọ́n ń fi sí ìdí mì, kí ló máa ṣe é?

[Omi dá.]

Ẹ̀GBỌ́N: O gbé e mì?

ÀBÚRÒ: Rárá!

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló gbé e mì?

ÀBÚRÒ: Kò tíì sẹ́ni tó gbé e mì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń jẹ́ "kò tíì"?

[Ariwo lórí ìlà.]

ÀBÚRÒ: Háló? Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Ìwọ ni o ò dáhùn.

ÀBÚRÒ: Ẹ rántí pé òní ni ọjọ́ tí ìjọba dá pé kí àkọsílẹ̀ oògùn wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo fọwọ́ sí i láàárọ̀ kó tó lọ. Gbogbo ìlà ló jáde ní green, ẹ̀rọ gbà wọ́n. Mo rí i.

ÀBÚRÒ: Green ni. Ọ̀gá ti gé kéèkì. Wọ́n kọ "All Green" sí i lórí. Ibi tí wọ́n kọ "Green" sí ni wọ́n gé fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: O jẹ ẹ́?

ÀBÚRÒ: Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ náà ni. Mo na ọwọ́ mú ìwé pélébé kan lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fẹ́ fi nu ẹnu. Ìwé tí wọ́n máa ń ká sínú páálí oògùn yẹn —

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ mi ni.

ÀBÚRÒ: Ni ojú mi bá bọ́ sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wà níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ jókòó ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìhòòhò ni mo wà nínú ilé ìwẹ̀. Ibo ni kí n jókòó sí? Kà á!

ÀBÚRÒ: "Oògùn ara gbígbóná fún ọmọdé tó ń bì. Fi omi gbé ọ̀kan mì lẹ́yìn oúnjẹ."

Ẹ̀GBỌ́N: Oògùn ìdí yẹn?

ÀBÚRÒ: Oògùn ìdí yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Bó ṣe tóbi yẹn?

ÀBÚRÒ: Lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà.

ÀBÚRÒ: Oògùn ojú náà ò gbẹ́yìn. "Fi omi gbé ọ̀kan mì." Ìpara làpálàpá: "Fi omi gbé ọ̀kan mì." Ọ̀kan nínú kí ni, mi ò mọ̀. Bóyá ike ẹ̀ lódindi.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Inú àkọsílẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn. Níbi tá a ti ń kọ ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ ara, kí lo kọ?

ÀBÚRÒ: Ìlà àkọ́kọ́, mo kọ "by mouth". Oògùn orí fífọ́ ni. Ẹnu ló ń gbà wọlé. Òótọ́ ni mo kọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlà kejì ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Mo fà á wálẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: O —

ÀBÚRÒ: Mo fi máòsì dì í mú nígun, mo fà á wálẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà wọ gbogbo ìlà. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi?

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró níwájú gbogbo wa. Ẹ ní ká má fi àkókò ṣòfò. Ẹ ní ká kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká fà á wálẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Orúkọ ilé iṣẹ́! Orúkọ ilé iṣẹ́ ni mo ní kẹ́ ẹ fà wálẹ̀, torí ilé iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ẹ̀! Ṣé ibì kan náà ni ẹnu àti ìdí wà lára tìẹ ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ gbà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ ò ní ìdí! Ohun tí ẹ̀rọ ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ náà wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlànà fọwọ́ sí. "By mouth" wà lára wọn. Ó gbà á. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kó mọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ rọra pariwo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá pa mọ́ sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibi tó yẹ ẹ́ nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà wò ó láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

[Ẹ̀gbọ́n nu ọṣẹ lójú. Àwọ̀ nìkan ló wò láàárọ̀.]

ÀBÚRÒ: Háló? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi wọlé síbẹ̀, ẹ yí ìlà mẹ́ta yẹn padà, ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí Ọ̀gá má mọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ pátápátá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlà kan ò ṣeé yí padà mọ́. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Tí mo bá máa gbà á padà, gbogbo ẹ̀ ni mo máa gbà padà, gbogbo oògùn ilé iṣẹ́ yín pátá. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún ṣílẹ̀kùn fún yín.

ÀBÚRÒ: Yéè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé pélébé yẹn ńkọ́? Níbo ló wà?

ÀBÚRÒ: Inú páálí.

Ẹ̀GBỌ́N: Páálí ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Inú ọkọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ wo?

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lẹ́yìn mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́ ọ.

ÀBÚRÒ: Òun nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Jáde kúrò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn! Sáré! Lọ dá a dúró!

[Ilẹ̀kùn gbá. Ẹsẹ̀ ń sáré lórí àtẹ̀gùn. Lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, nǹkan ṣubú nílé ìwẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: — tẹ̀gùn —

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Orí àtẹ̀gùn ni mo wà! Kí ni kí n sọ fún dírẹ́bà?

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́.

ÀBÚRÒ: Ṣé kò sí nǹkan míì?

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ pé táyà ẹ̀ jò.

ÀBÚRÒ: Táyà wo? Ó ní táyà mẹ́wàá!

Ẹ̀GBỌ́N: Mú ọ̀kan!

[Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, aṣọ ìnura lọ́rùn. Ìfófòó ọṣẹ ń kán sórí tábìlì.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Dírẹ́bà! Dírẹ́bà o! Ẹ má lọ!

DÍRẸ́BÀ: Ọ̀gá ló ní kí n lọ. Ta nìwọ?

ÀBÚRÒ: Èmi ni — èmi ni mò ń ṣe dátà.

DÍRẸ́BÀ: Kúrò lọ́nà, Dátà.

ÀBÚRÒ: Táyà yín jò.

DÍRẸ́BÀ: Èwo?

ÀBÚRÒ: Ẹ wá yàn án fúnra yín.

DÍRẸ́BÀ: Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti mu nǹkan.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ti jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Síbo?

ÀBÚRÒ: Sílẹ̀. Iwájú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ó ga o. Láti ìsàlẹ̀ ibí, ó ga gan-an.

[Fèrè ọkọ̀ dún, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá ń bọ̀. Ó gbé abọ́ kéèkì dání.

Ẹ̀GBỌ́N: Fi mí sórí láúd, kó lè gbọ́ mi.

Ọ̀GÁ: Kí lò ń ṣe nílẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán, sà.

Ọ̀GÁ: A ti kíra láàárọ̀. Dìde.

ÀBÚRÒ: Sà, mi ò lè dìde. Oògùn ìdí tó wà nínú ọkọ̀ yìí, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé e mì. Ó ti wọnú ìwé. Ìwé ti wọnú páálí.

[Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wo ojú Àbúrò.]

Ọ̀GÁ: O ò ṣeré.

ÀBÚRÒ: Rárá, sà.

Ọ̀GÁ: Ta ló wà lórí fóònù yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀GÁ: Tíṣà! Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín kó kúrò lọ́nà. Ta ló ń ka ìwé pélébé yẹn? Èmi ni mo ni ilé iṣẹ́, mi ò kà á rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá tí ara ọmọ ẹ̀ ń gbóná, tí kò rí irú oògùn yìí rí, máa kà á. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa ṣe. Ó máa ki nǹkan tó tóbi tó ìka sẹ́nu ọmọ tó ń bì. Ó máa há a lọ́fun.

[Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dún.]

Ọ̀GÁ: Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, Tíṣà.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni. Mi ò wò ó dáadáa. Ẹ já ẹrù sílẹ̀.

Ọ̀GÁ: Àwọn oníṣòwò ń dúró dè é. Kó máa lọ. Tó bá dé ọ̀hún, a máa fi fóònù ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ máa pe gbogbo ìyá ọmọ?

Ọ̀GÁ: Tíṣà —

Ẹ̀GBỌ́N: Bọ́tìnnì kan ni mo máa tẹ̀ láti gba àkọsílẹ̀ yín padà lọ́wọ́ ìjọba, géètì yín ò sì ní ṣí. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ẹ̀ ń wo àkọsílẹ̀ yẹn kó tó jẹ́ kí páálí kan jáde. Ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ ya fọ́tò níwájú ẹ̀.

Ọ̀GÁ: Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ọdún kan ni mo máa fi wà láìta nǹkan.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀.

Ọ̀GÁ: Tó o bá tẹ̀ ẹ́, o ò ṣiṣẹ́ fún mi mọ́. Mo máa pe gbogbo ilé iṣẹ́ oògùn tó wà nílùú yìí, wọn ò ní jẹ́ kó o kọ́ wọn ní ABD. Ẹni tó wà nílẹ̀ yìí náà máa relé lónìí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀GÁ: Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre. Ilẹ̀ yìí gbóná.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ mi ń yọ̀. Ẹ ní sùúrù.

Ọ̀GÁ: Dírẹ́bà, gbéra! Yà á sílẹ̀, kó o gbéra!

DÍRẸ́BÀ: Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà níwájú táyà.

Ọ̀GÁ: Ṣí géètì!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ ń bi mí bóyá ó dá mi lójú.

ÀBÚRÒ: Ṣé ó dá yín lójú?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dá mi lójú.

[Ìka tẹ kíbọ́ọ̀dù. Nǹkan ké lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ Àbúrò.]

ÀBÚRÒ: Ó ti pọ́n. Ẹ̀gbọ́n, iná géètì ti pọ́n. Kò ṣí.

Ọ̀GÁ: Ẹ relé! Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ relé báyìí!

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé ni mo wà, Ọ̀gá.

[Abọ́ fọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú.]

ÀBÚRÒ: Ó ti lọ. Ó fi kéèkì sílẹ̀ fún mi lórí bàtà.

Ẹ̀GBỌ́N: Yọ ẹsẹ̀ ẹ kúrò níwájú táyà ná.

ÀBÚRÒ: Mo ti yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, kí la máa jẹ báyìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ lọ ṣan orí mi. Tó o bá ti ń bọ̀, gba ẹ̀yìn ọjà, kí o — háló? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: — ẹ ní kí n —

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ m—

[Ìlà já. Ẹrù ọkọ̀ náà kù sínú ọgbà. Páálí kan ò jáde.]