Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Mo Kà Sí Oṣù Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láìbojú wolẹ̀.

Ẹni tó bá wo bí mo ṣe ga tó yóò ti mọ̀ pé wígì lọ́yà kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù basketball láti orí ìlà free throw, ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó ń dí èèyàn lọ́wọ́, tó wọ àwọ̀n láìkan irin rárá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìlà yẹn sí pátákó. Irin náà fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ga kúrò nílẹ̀. Ìró tí àwọ̀n yẹn ṣe, mi ò gbàgbé rẹ̀ dòní. Bí eré náà ṣe gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Mo fi ọdún mẹ́ta gbá a fún yunifásítì wa, títí orúnkún òsì mi fi já. Orí bẹ́ńṣì ni mo ti ka ìwé òfin eré náà tán, tí mo ń fi bá réfírì jiyàn, débi pé kóòṣì wa pariwo pé, "Ìwọ gìràfù yìí, lọ ka lọ́ọ̀, jẹ́ ká sinmi!" Mo sì lọ ka ìmọ̀ òfin lóòótọ́.

Màmá Bọ̀sẹ̀, ará Kàbbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mò ń ṣe ẹjọ́ fún. Ilé kan ṣoṣo ló ní, ní àdúgbò Jikwoyi. Ọkùnrin kan yọjú, ó ní orí ilẹ̀ òun ni ilé náà wà, òun máa wó o. A lọ sí kóòtù. Adájọ́ ò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí kankan tó fi da ẹjọ́ wa nù, ó ní a ò gbé e wá bó ṣe yẹ. Mo ní kò burú, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà.

Ẹ gbọ́ o. Tó bá jẹ́ ìdájọ́ àṣekágbá, oṣù mẹ́ta ni òfin fún èèyàn. Tó bá jẹ́ ìpinnu àárín ẹjọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Mo ka tiwa sí àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ìpinnu àárín ẹjọ́ ni, torí adájọ́ ò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà gan-an. Èmi tí mo mọ gbogbo ìwọ̀n pápá basketball lórí! Ọjọ́ kejìlélógún ni mo tún ìwé ìpinnu adájọ́ yẹ̀ wò. Àkókò ti kọjá. Ọkùnrin yẹn sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri Màmá.

Ọ̀nà kan ló kù: ká bẹ kóòtù fún àkókò sí i, ká sì búra sọ ohun tó fa ìdádúró. Lọ́yà tí a jọ ń lo ọ́fíìsì ní, "Kọ ọ́ pé ara Màmá ò yá. Àgbàlagbà ni, ta ló máa jiyàn?" Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti gbàdúrà, torí orúnkún mi ò gba ìkúnlẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé náà kọjá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni òfin kóòṣì wa: ẹni tó bá fáwùlù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò nawọ́ sókè kí réfírì tó tọ́ka sí i. Mo ní, "Olúwa, eré nìyẹn, iṣẹ́ mi ni èyí." Àmín ò jáde lẹ́nu mi. Mo fa ìwé náà ya, mo gba Jikwoyi lọ.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. "Kai! Bárísítà, pẹ̀lú gbogbo gíga yìí, ẹ ò lè ka ẹ̀ẹ́rìnlá?"



Ó wo ògiri rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Èyí tó bá gbà pé òun ṣì í, mo máa ń jẹ́ kó tún un ṣe. Ẹ lọ tún un ṣe."

Mo búra pé èmi ni mo ka ọjọ́ ṣì, Màmá ò mọ nǹkan kan. Ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ́yà ọkùnrin yẹn dìde: "Ẹ̀yin Olúwa mi, ọ̀rẹ́ mi ga, àmọ́ kàlẹ́ńdà rẹ̀ kúrú." Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí.

Olórí àwọn adájọ́, obìnrin ni, gbé ìwé ìbúra mi sókè. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, Olúwa mi."

Ó ní a kì í fi ẹ̀bi lọ́yà jẹ oníbàárà níyà. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ méje. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà.

Mi ò ní í parọ́ fún yín níwájú pẹpẹ: ẹjọ́ ò tíì parí. Àmọ́ Màmá nìyẹn lórí ìjókòó kẹta, inú ilé rẹ̀ ló ti wá láàárọ̀ yìí. Ẹ bá a yọ̀, ẹ fògo fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n là á kọjá pẹ̀lú irọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìdájọ́ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jáde: kí adájọ́ mìíràn gbọ́ ẹjọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá wa láre.