Ẹyin Ògòǹgò Tí Mo Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Orísun Ọpẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ẹsẹ̀ mi ti wú, èémí mi ti kúrú, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí ṣì ń bẹ lẹ́nu mi, nítorí bí mo bá ti kú lánàá, irọ́ ni ẹ̀ bá kọ sára òkúta ibojì mi. Èmi ni Andris Kalkoen, ẹni tí ẹ ń pè ní Baba Omi. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹ máa ń gbé mi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà á sì sọ bí mo ṣe kúnlẹ̀ nínú iyanrìn gbígbẹ tí mo gbàdúrà, tí Ọlọ́run sì fi omi hàn mí. Ìtàn yẹn ni a fi mọ̀ pé ènìyàn ni wá. Òun ni a fi ń sọ pé a kì í ṣe ọmọ àlè àwọn àgbẹ̀ funfun mọ́, pé Gírìkúà ni wá, ẹni tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún lómi. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde wàyí. N kò gbàdúrà kankan lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Sáàn, àwọn ọdẹ inú aginjù, ni ìyá mi. Tuken ni orúkọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́, Kaatjie ni àgbẹ̀ tó mú un lẹ́rú ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń yọ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nai, nínú aginjù. Níbẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń rọ omi òjò sínú ẹyin ògòǹgò, tí wọ́n ń fi koríko àti ìda oyin dí ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ń rì í mọ́lẹ̀ ní àfonífojì kan de ìgbà ọ̀dá. Òfin kan ló so mọ́ ọn. Bí òùngbẹ bá fẹ́ pa àlejò, kí ó hú u, kí ó mu ún, ẹnikẹ́ni kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ó fi ẹyin òfìfo kan kọ́ sórí igi ẹ̀gún kí ó tó lọ. Ẹni tó ni omi yóò rí i tó ń funfun láti orí òkè jíjìn. Kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá mọ́, odò ni yóò gbà lọ nígbà tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Mu omi mi," Nai máa ń wí, "ṣùgbọ́n má tàn mí."

Mo dàgbà, mo ṣe ìrìbọmi, mo ra àkẹtẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní àkẹtẹ̀, ṣòkòtò àti ìbọn ni à ń pè ní Kristẹni. Ẹni tó bá da awọ ẹran bora, à ń kà á mọ́ ẹran ìgbẹ́. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ Nama, àwọn darandaran, ni ìyá mi. Àǹtí Leentjie, ìyàwó Kapteni Hermanus Vlok tó jẹ́ olórí wa, kò gbà mí gbọ́. "Andris," á wí, "fa àkẹtẹ̀ yẹn wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìyá rẹ ń yọjú." Gbogbo àgọ́ á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí a fi ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ funfun sílẹ̀, tí a ré odò Gàríìpù kọjá láti wá ibi tí a ó pè ní tiwa, èmi ni amọ̀nà. Òjò kọ̀. Àwọn màlúù ń ṣubú nídìí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ahọ́n àwọn ọmọdé ti wú. Kapteni wò mí. "Amọ̀nà, omi dà?" Àǹtí Leentjie gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sáyà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Andris, àbúrò mi, jọ̀wọ́, bí o bá mọ ibì kan."

Mo mọ ibì kan. Mo dá lọ sí àfonífojì náà, mo hú ẹyin wọ̀nyẹn jáde, mo sì da omi inú wọn sínú àpò awọ. Títí dé ibẹ̀, n kò tíì ṣẹ̀, òfin gbà mí láyè. Igi ẹ̀gún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti mú ẹyin òfìfo kan lọ́wọ́, mo ti gbé e sókè. Ìgbà náà ni mo rò ó pé bí Kapteni bá gba ibí kọjá, yóò bi mí ibi tí mo ti kọ́ àṣà Sáàn. Ìyá mi yóò yọjú. Nítorí àkẹtẹ̀, ẹ̀yin ará. Mo dí ẹnu àwọn ẹyin òfìfo náà padà, mo tò wọ́n bí mo ṣe bá wọn, mo wa iyanrìn bò wọ́n, mo sì fi ẹ̀ka igi pa ipa ẹsẹ̀ mi rẹ́. Nígbà tí mo dé àgọ́, mo ní, "Mo gbàdúrà ni." Kapteni ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó sunkún. Omi náà ló gbé ẹ̀mí wa dé orísun tí a kọ́ ìlú yìí tì.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, mo ń wá màlúù kan tó sọnù, mo sì gba ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, òjìji kò sí lábẹ́ ohunkóhun. Mo gbọ́ ohùn kan bí ẹni ń fọn fèrè jẹ́jẹ́. Mo ṣebí darandaran ni, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Nai ló jókòó létí ihò tí wọ́n ti hú ẹyin, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, bí ẹni jókòó yí àwo oúnjẹ ká. Wọ́n ti kú, wọ́n ti gbẹ. Olúkúlùkù gbé ẹyin lé itan, ẹnu àwọn ẹyin náà ṣí, atẹ́gùn ń wọ inú wọn, ó ń kọrin. Ẹyin kan ṣoṣo ni wọn kò ṣí. Ó wà lọ́wọ́ Nai, ó sì nawọ́ náà sí ọ̀nà tí mo gbà wá, bí ẹni ń fi omi lọ àlejò.

Mo sá. Àkẹtẹ̀ mi jábọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo padà lọ mú un. Mo mú àkẹtẹ̀ mi, n kò bo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ago sẹ́nu, mo máa ń gbọ́ orin yẹn nínú rẹ̀ kí omi tó kan ètè mi. Mo rò pé etí mi nìkan ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tó kọjá, bí a ti ń kọrin ìyìn lọ́wọ́, Àǹtí Leentjie, tó ti di arúgbó tó fọ́jú, di apá mi mú.

"Andris, ta ni ń fọn nǹkan níta?"

"Atẹ́gùn ni, Àǹtí."

"Atẹ́gùn kì í mọ orin. Orin tí à ń kọ yìí náà ló ń fọn, ó kàn ń kẹ́yìn wa díẹ̀ ni." Ó tẹ́tí sí i. "Obìnrin ni. Sọ fún un kó wọlé, oòrùn ti mú jù."

Mo jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹyin ògòǹgò kan ló wà lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ dí, iyanrìn pupa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo gbé e, mo mì í. Omi wà nínú rẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí Leentjie kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé Sáàn ni ìyá rẹ. N kò mọ̀ pé omi wọn ni. Ọmọ tí mo gbé sáyà lọ́jọ́ náà ni kapteni wa lónìí. Lọ sọ fún un ẹni tó fún un lómi mu."

Mo ń sọ ọ́ nìyí. Kapteni, dárí jì mí; ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí. Ẹyin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, n kò ṣí i. Ẹ rọ omi kún àwọn ẹyin mìíràn mọ́ ọn, ẹ kó wọn lọ sí àfonífojì náà, ẹ rì wọ́n síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kù nínú àwọn ènìyàn ìyá mi. Ẹ sin Nai àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹ yọ tèmi kúrò. Ẹ sì fi ẹyin funfun kan kọ́ sórí igi ẹ̀gún yẹn, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sẹ́ ìyá yín nítorí ohun tí ẹ fi ń bo orí. Ebi àti òùngbẹ lè sún ènìyàn mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀; bíbò tí mo bò ó mọ́lẹ̀ ló pa wọ́n.

Kí Ẹni tó rí Hágárì àti ọmọ rẹ̀ nínú aginjù máa rí ìwọ tó ń ka èyí. Kí ẹni tó mọ ọ̀nà má tàn ọ́ jẹ. Kí ago rẹ kún, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí o bá gbé e sẹ́nu. Àmín.