Àṣírí Tó Fẹ́ Pa Ọkọ Mi

Ẹ má sọ pé kí n rọra sọ̀rọ̀! Ẹ má sọ ọ́ rárá! Ta ni mo fẹ́ jí? Ọkọ mi tó wà nínú yàrá yẹn, ṣé ó ń gbọ́ ni? Wọ́n ti fi wáyà so àyà ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yẹn ń ké píì-píì-píì bíi pé wọ́n ń lé e, ẹ̀yin wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ káwọ́ gbera, ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀ torí pé ọsibítù la wà. Ṣé mi ò mọ̀ pé ọsibítù la wà ni? Ṣebí èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wọnú ọkọ̀, tí ẹ̀yin gbé orí!

Ẹ wò ó, Adúmáradán. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mi ò pe orúkọ yín rí. Àbúrò ọkọ mi ni yín, mo jù yín lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ mo ń kúnlẹ̀ kí yín, Adúmáradán ni mo ń pè yín, bí ẹ bá wọlé màá dìde lórí àga fún yín. Ó tó gẹ́ẹ́. Lónìí, ìwọ ni. Ìwọ, gbọ́ mi dáadáa. Kí lo yọ lápò ọkọ mi?

Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbí rí ọ. Òun fúnra ẹ̀ ló bi mí, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé àbúrò bàbá ti kó ẹrù àpò wọn fún yín?" Ẹrù wo? Mo ní ẹrù wo, Adúmáradán? Nígbà tí nọ́ọ̀sì kó ṣòkòtò ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, téèpù tó fi ń wọn èèyàn àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sára aṣọ nìkan ló wà ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo rí i láàárọ̀ yìí, ojú mi báyìí ni mo fi rí i, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, ó da nǹkan sẹ́nu, ó dá ọ̀rá náà padà sápò. Mo ní kí nìyẹn, ó ní oògùn ẹ̀yìn ni.

Oògùn ẹ̀yìn! Ojoojúmọ́ oògùn ẹ̀yìn! Mo sì gbà, torí aránṣọ wo ni ẹ̀yìn kì í dùn? Èmi tí mo ń ṣe ojú bọ́tìnnì ní yàrá iwájú, ṣé ẹ̀yìn kì í dun èmi náà ni? Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí oògùn ẹ̀yìn tó ń gba oorun lójú èèyàn! Mi ò tíì rí oògùn ẹ̀yìn tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn! Kó ti jókòó ti màṣíìnì kí n tó gbálẹ̀ tán, kó má dìde, kó má jẹun, kó máa sọ̀rọ̀ wìrìwìrì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, kó máa lọ eyín mọ́ra wọn. Gbogbo ẹ̀ torí aṣọ ilé-ìwé tí ẹ lọ gbà rán! Iṣẹ́ tó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta pín ṣe, ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ dá a ṣe, kí wọ́n lè máa sọ pé kò sírú yín. Ó rù débi pé ó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì ẹ̀. Mo ní, "Bàbá wọn, kí ló dé?" Ó ní iṣẹ́ ni, ìwọ náà sì wà níbẹ̀, o ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ tó gé ẹsẹ̀ òsì méjì fún ṣòkòtò kan ṣoṣo? Ọkọ mi! Ẹni tó lè dijú gé ṣòkòtò! O rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní bóyá ẹnì kan wà nílé-ìwé yẹn tí kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ló bá bínú, ló gbá àga nípàá. Nígbà tó jókòó mo gbé etí lé e láyà, ó ń lù kì-kì-kì-kì, kò sinmi. Mo ní kí ló ń lù báyìí, ó ní ìgbọ̀n màṣíìnì ló ṣì wà lára òun. Háà! Ìgbọ̀n màṣíìnì! Ìwọ náà tún jókòó síbẹ̀, o mi orí, o ní "Ó máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀." O mọ̀! O mọ̀ nígbà yẹn!

Lónìí ńkọ́? Ó ń lọ kọ́là aṣọ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá wọn, àyà mi ń sáré o." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Kí n tó ní kó jókòó ó ti ṣubú sáàárín aṣọ, áyọ́ọ̀nù dojú délẹ̀, aṣọ ń jó, èéfín gba gbogbo yàrá, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ dì mú nínú iná àti ọkọ. Ojú ẹ̀ funfun. Òógùn tó bò ó, o ò lè fi tówẹ̀lì nù ún tán.

A wá gbé e débí, wọ́n ní kí n lọ gba káàdì. Káàdì lásán! Èmi tí mo ń sáré kiri tìtorí káàdì, ẹ̀yìn mi ni nọ́ọ̀sì ti béèrè pé ṣé ó ń lo oògùn kankan, ṣé ó ń lo nǹkan tó ń lé oorun. Ìwọ wá dúró gbọnrangandan, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi kì í lo nǹkan kan o. Kì í mutí, kì í mu sìgá." Nọ́ọ̀sì náà ló sọ fún mi. Òótọ́ ni, kì í mutí. Ta ló bi ọ́ léèrè ọtí?

Kí lo sọ? Sọ ọ́ sókè. Àṣírí? Olúwa mi o! O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni, o ní èèyàn kì í tú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ síhòòhò níta. O ní alága àwọn aránṣọ ni, òun ló ń pàṣẹ fáwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹnu kan oògùn kóògùn á kẹ́rù ẹ̀ lọ, kí làwọn èèyàn á wá sọ. Ó dáa. O ṣeun. O bo ẹ̀gbọ́n rẹ láṣìírí. O fi aṣọ bò ó títí dé orí. Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n ń fi aṣọ bò dé orí níbí?

Má sunkún. Má sunkún fún mi jàre, mi ò ráyè ẹkún! Gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ọmọ kékeré ni, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ọkàn ẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè dá dúró nígbàkigbà. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn fẹ́ fi mú ọkàn ẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé irú oògùn tó ń lé oorun wà lára ẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn lè dá kún ìṣòro, ọ̀nà míì làwọn á gbà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ó ń lo nǹkan. Ó ní kí ni? Mo ní funfun ni, ó kéré. Ó ní, "Màmá, oògùn funfun pọ̀." Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á pẹ́, àti pé àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní kò lo nǹkan kan. Èmi tí mo ń fọ aṣọ ẹ̀, tí mo ń sùn tì í, èmi ni mo wá ń parọ́! Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́!

O búra fún un? O fi kí ni búra? Ṣé ìbúra yẹn á tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ni? Àbí ìyá yín lò ń bẹ̀rù? Pé wọ́n á dé, wọ́n á gbọ́, wọ́n á ní ìwọ lo...

Ẹn?

Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ lo rà á wá.

Yéè, àyà mi. Ìwọ lo rà á wá. Ìwọ náà sì ń lò ó, má purọ́, ò ń lọ eyín mọ́ra wọn bó o ṣe jókòó yẹn. Ọmọ ìyá méjì!

Ó dáa. Wò mí. Gbé ojú sókè, wò mí. Mi ò ní bú ọ. Ẹnu mi tó o ti ń gbọ́ láti àárọ̀ yìí, mo ti pa á dé. Dókítà ò béèrè ẹni tó rà á, orúkọ oògùn náà ló béèrè. Tí ìyá yín bá dé, màá sọ fún wọn pé èmi ni mo rà á. Mo ní èmi ni! Kí wọ́n bú mi, kí wọ́n lé mi, kí wọ́n ní ìyàwó ló fẹ́ pa ọmọ àwọn, màá gbà. Gbé gbogbo ẹ̀ lé mi lórí. Ẹ̀mí ọkọ mi nìkan ni kó o fún mi.

Ọ̀rá náà wà lápò rẹ, àbí? Mú un jáde. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má fà á ya. Ó ku mélòó nínú ẹ̀? Má sọ fún mi, èmi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Dìde. Dìde ńlẹ̀, Adúmáradán, ilẹ̀kùn ti ṣí, wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ dání. Di ọwọ́ mi mú.

Dókítà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ẹ má tíì wọlé. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.