Oògùn Ibtisam Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Bahgat, ọmọ mi, pa fóònù yẹn, kó o sún mọ́ mi. Nadira, ọmọ mi obìnrin, ṣíwọ́ ẹkún, mi ò tíì kú. Ibtisam, ìyàwó ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó o gbọ́ jù, má tíì gbé báàsíà yẹn jáde. Ìmáàmù wá síbí lánàá, ó ní kí n tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo sì tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń fún aṣọ tó fi nù mí lára. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá ti fẹ́ fún mi pa. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta.

Ẹ mọ bí ilé wa ti rí. Bàbá yín, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, inú àga àti bẹ́ẹ̀dì tó ń kàn ló ti rówó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí. Ó ní ọmọkùnrin tó bá gbéyàwó ò gbọdọ̀ kó jáde, kó gun òkè ni. Bó bá sì ti gun òkè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan á wà lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe ní ìlú Dumyat níbí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyá ọkọ mi ṣe fún mi. Á kàn ṣílẹ̀kùn wọlé, á máa ka ẹyin inú agbọ̀n mi. Mo sunkún nígbà náà, mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ ẹnikẹ́ni láé. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí Ibtisam wọlé wa, ara rẹ̀ yá gágá. Ó mọ pẹ́pẹ́yẹ sè jù mí lọ, mi ò kàn fẹnu sọ ọ́ rí ni. Ṣùgbọ́n oyún ò dé, ẹ̀jẹ̀ ló ń dé. Nǹkan oṣù rẹ̀ á sé títí inú mi á fi máa dùn pé ó ti bọ́ sí i, lẹ́yìn náà á ya, kò ní dá bọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ á funfun, á máa di ògiri mú gun àtẹ̀gùn. Nínú Ramadan, a rí i tó ń jẹun lọ́sàn-án nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Nadira, ṣé o rántí ohun tó o sọ? "Ìyàwó wa, ṣé ààwẹ̀ tìẹ ò sí nínú kàlẹ́ńdà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó o sì wá bímọ síbí, èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mi ò jẹ́ kó wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ má baà mú omi ọmú rẹ gbẹ. Ó gbé ọbẹ̀ adìyẹ tó sè fún ẹ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yí padà.

Ó lọ rí Dókítà Sawsan. Bó ṣe dé, ó jókòó tì mí. "Màámi, wọ́n ní awọ inú ilé-ọmọ mi ló ń nípọn jù. Ó yẹ kó máa ṣí kúrò lóṣooṣù, tèmi ò ṣí tán, ó kàn ń ga sí i ni. Òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n fún mi lóògùn tí màá máa lò lójoojúmọ́ kó lè fẹ́lẹ́ padà. Tó bá ti fẹ́lẹ́, wọ́n ní a lè wá máa retí ọmọ." Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Kò tíì gun òkè tán tí mo ti wà lọ́dọ̀ Ìyá Wahid, aládùúgbò wa tó ti kú báyìí.

Ìyá Wahid pòṣé. "Tafida, ọmọ kékeré ti sọ ẹ́ dọ̀dẹ̀! Oògùn wo lobìnrin ń lò lójoojúmọ́ bí kò ṣe èyí tí ò ní jẹ́ kó lóyún? Ọmọ àbúrò mi ń lò ó. Ìyàwó ẹ ò fẹ́ kí ìdí òun bàjẹ́ ni, o wá jókòó ò ń gbọ́ ìtàn ilé-ọmọ."

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Oògùn yẹn náà ló ń fà á, ó ti ń lò ó ní kọ̀rọ̀ tipẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ó fún mi lẹ́ni tí màá bínú sí. Ibi tí dókítà náà wà ò jìnnà sí ọjà ẹja tí mò ń lọ, mi ò yà níbẹ̀ kí n bi í léèrè.

Nítorí pé ojú ń tì í bí wọ́n bá rí páálí oògùn náà, Ibtisam ti tú u sínú agolo ìpara kékeré kan, ó gbé e sẹ́yìn ike ìrẹsì. Oògùn funfun ni, ó rí róbótó, ó kéré. Ẹ sì mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Oògùn dídùn tí mò ń jù sínú tíì dípò ṣúgà, òun náà funfun, ó rí róbótó, ó kéré. Ibtisam lọ sọ́jà, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo gòkè. Mo da tirẹ̀ sí ilé ìgbẹ́, mo bu omi lé e, mo kó tèmi sínú agolo. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣa ìrẹsì, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní. Gbogbo ìgbà tó bá ra òmíràn, èmi náà á tún gòkè.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "Màámi, oògùn yìí ti ń dùn lẹ́nu mi o."

Mo ní, "Ìlera ló ń dùn, ìyàwó mi. Gbé e mì." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn yìí, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo aṣọ rẹ̀, a sáré gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ha díẹ̀ lára awọ náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde, Dókítà Sawsan kọjú sí mi. "Àlájà, ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Awọ yẹn ti ń yí padà, ó ti ń lọ sọ́nà jẹjẹrẹ. Tó bá jẹ́ pé kò lo oògùn mi déédéé, mo ṣì lè fún un ní èyí tó lágbára, ká máa ṣọ́ ọ, ká dá ilé-ọmọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n tó bá lò ó tó sì rí báyìí, a jẹ́ pé oògùn ò ràn án nìyẹn, mi ò lè fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ó ní òun lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ibtisam di etí aṣọ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ẹ sọ fún wọn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òtítọ́ ló ti ń sọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba ilé-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo Bahgat tó dúró ti ògiri, mo rí bó ṣe máa kórìíra mi, mo wá ní, "Mo fi Kùránì búra, ojú mi ló ṣe tó ń gbé e mì lójoojúmọ́." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Kò kúkú jẹ́ irọ́, ojú mi ló ṣe. Ibtisam ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé e wọlé, wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n. Bahgat, èmi ni mo ń fúngun mọ́ ẹ títí o fi fẹ́ ìyàwó mìíràn, tó o fi Ibtisam sílẹ̀ níbí, tó o kó lọ sí Port Said. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá mi wó, ìgbà Iléyá lẹ̀yin ń yọjú. Obìnrin tí mo sọ di àgàn ló ń yí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fọ ìgbẹ́ mi. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ló ń mu tíì kíkorò ní gbogbo Dumyat. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ po tíì fún mi nínú àìsàn yìí, ó ju oògùn dídùn yẹn sí i, mo sì pariwo mọ́ ọn. Ó rò pé mò ń bínú sí òun ni. Mi ò lè gbé e mì ni o.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ máa di ìyá ọkọ, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá kì í ṣe ẹlẹ́tàn, ara rẹ̀ ni kò yá. Ẹ jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀.

Ibtisam, mo gbọ́ bí báàsíà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bahgat, jókòó, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi, dárí jì mí tó o bá lè. Tí o ò bá lè, kẹ́nikẹ́ni má dá ẹ lẹ́bi, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa wẹ̀ mí tí mo bá kú. Abẹ́ ìrọ̀rí yìí ni kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ wà, ọ̀dọ̀ mi ló ti wà látọjọ́ tó o ti wọlé wa. Ọwọ́ mi ò lè gbé e mọ́. Wá mú un.