Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Gbé Lé Nọ́fíù Lọ́wọ́

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, Ọlọ́hun tó kó wa jọ láàárọ̀ yìí ò ní í fi ìtìjú tú wa ká. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ni mo gbé wá. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ lọ̀, àmánà, ohun àfipamọ́, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún sọ pé ohun tí Ọlọ́hun torí ẹ̀ dá kálukú ló máa ń rọ kálukú lọ́rùn. Kí ló wá dé tá a fi ń fi iṣẹ́ ilé baba fún ọmọ lọ́rùn?

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Nọ́fíù. Alápatà ni baba rẹ̀, alápatà ni baba tó bí baba rẹ̀. Nínú ilé wọn, bí olórí alápatà bá kú, ọjọ́ fìdáù rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ọ̀bẹ rẹ̀ lé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Bó ṣe kan Nọ́fíù nìyẹn. Àbúrò baba rẹ̀, Bàbá Jìnádù, ló gbé e fún un. Nọ́fíù rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ṣé ọ̀lẹ ni? Rárá o! Bó bá ti dá ẹran dùbúlẹ̀, tó wojú ẹran, tí ẹran wojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti pa á láṣẹ fún wa pé ká má fìyà jẹ ẹran tá a fẹ́ pa. Kò lè sùn mọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n fọ hàntú, omi ara wàláà, fún un, ó mu ún, ó fi wẹ̀. Wọ́n so tírà mọ́ ọn lápá. Ẹ gbà mí! Ta ló bi í pé, "Nọ́fíù, ṣé o fẹ́ràn iṣẹ́ yìí?" Kò sí ẹnì kan!

Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀díná, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Alhaja Àsímáwù, obìnrin tó máa ń bá àwọn tí iṣẹ́ ti sú jókòó, tó ń tọ́ wọn sọ́nà iṣẹ́ mìíràn. Alhaja ò bá a wí. Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó ní, "Bàbá Kúdírátù, nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, èwo ló máa ń fún yín láyọ̀ díẹ̀?"

Nọ́fíù ronú títí. Ó ní, "Kí n tó pa wọ́n ni, Alhaja. Ìgbà tí mo bá ń fọwọ́ ra wọ́n lára kí ọkàn wọn balẹ̀. Mo máa ń mọ èyí tí ara rẹ̀ ò yá." Ló bá bú sẹ́kún. Ọkùnrin onírùngbọ̀n!

"Ẹ nujú," ni Alhaja wí. "Àwọn dókítà ẹran ń wá irú yín."

Ó bá a sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran. Wọ́n ní kó máa bọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Nọ́fíù ń yọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ wá wo Nọ́fíù! Ó ń sùn, ó ń hanrun. Mọ̀díná ní, "Ọkọ mi ti padà wálé." Ẹ̀yin ìyá, ẹ ń rẹ́rìn-ín àbí? Ẹ mọ ohun tó ń sọ.

Ó wá ku kó sọ fún ẹbí. Alhaja ní kó tètè sọ kí Iléyá tó dé. Nọ́fíù àti Mọ̀díná bá lọ. Nọ́fíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Jìnádù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́ mi. Mo ti ríṣẹ́ mìíràn."

"Kí lo wí? Ta ni yóò dúró nídìí ìsọ̀ baba rẹ?"

"Ọwọ́ mi ò gbà á, bàbá."

"Bó o bá gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, o ò gbọdọ̀ wá síbi ìsìnkú mi!"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Nọ́fíù mú ọ̀bẹ, ó dìde. Ó wo Mọ̀díná, Mọ̀díná wolẹ̀. Kò sí èyí tó lè gba ẹnì kejì sílẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá dé, wọ́n kírun tán ní yídì. Olórí alápatà ló gbọ́dọ̀ pa àgbò àkọ́kọ́. Nọ́fíù kọjú àgbò náà sí kíbúlà, ó ní, "Bìsìmílà, Aláhù Àkúbárù." Ọwọ́ gbọ̀n. Àgbò ta nípá, ọ̀bẹ bọ́, Nọ́fíù ṣubú lé ọ̀bẹ náà lórí. Ọ̀bẹ tí baba rẹ̀ pọ́n gé iṣan ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Subuhánà-láhì!

Wọ́n rán ojú egbò náà nílé ìwòsàn. Egbò san, àmọ́ àwọn ìka ò ká mọ́. Ọwọ́ tí ò lè mú ọ̀bẹ, kò lè mú abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ wo ẹni tó wá mú Nọ́fíù lọ sọ́dọ̀ Alhaja Àsímáwù. Bàbá Jìnádù fúnra rẹ̀ ni! Àgbàlagbà kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó lè bí lọ́mọ. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wá iṣẹ́ tó bá wù ú. Mo ti gbà."

Alhaja di ọwọ́ Nọ́fíù mú, ó ń gbìyànjú láti ká àwọn ìka yẹn. Wọn ò ká. Omijé bọ́ lójú Alhaja.

"Bàbá, a ti bá a wá a. Ó ti rí i. Ọwọ́ yìí ló fẹ́ fi ṣe é."

Bàbá Jìnádù bú sẹ́kún. Nọ́fíù ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀yin baba, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ tó jókòó tì yín yìí, ẹ bi í léèrè lónìí, kẹ́ ẹ tó délé. Ẹ má fi ìsìnkú yín dẹ́rù ba ẹni tó wà láàyè.

Yáà Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Má jẹ̀ẹ́ ká dẹni tó ń sọ pé "mo ti gbà" nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí O sì bá Nọ́fíù wá èyí tí ọwọ́ òsì nìkan lè ṣe. Ẹ ṣàmín.