Ìbéèrè Tí Mo Fi Dí Ẹnu Ìyá Yín

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ aránṣọ. Ìwọ ẹ̀gbọ́n, fa àga yẹn súnmọ́ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Dókítà ti bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò pé mi ò gbọ́. Ara mi ló ń kú lọ, etí mi ò tíì kú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti rìn jìnnà, òní ló dé. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ tutọ́ sí mi lójú, ó tọ́ sí mi.

Agbẹnusọ ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ohun náà lẹ fi kí mi nígbà tí ẹ wọlé. Nítorí pé èmi ni mo bèèrè ọ̀rọ̀ afárá lọ́wọ́ alága ni wọ́n ṣe sọ mí lórúkọ yẹn. Lóòótọ́, mo bèèrè. Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́: àwa kánsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ kan tí a fi ń bi alága ní ohun tó ń dun àwọn ará àdúgbò. Ẹnikẹ́ni ló lè dìde bèèrè, ì báà jẹ́ ará àdúgbò tí kì í ṣe kánsẹ́lọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti bèèrè, tí alága sì ti dáhùn, ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún lè dá a sílẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Àwa fúnra wa la ṣe òfin náà, nítorí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tán.

Ẹsẹ̀ afárá ni ṣọ́ọ̀bù ìyá yín wà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn lókè orí rẹ̀, ó wá kíyè sí i pé ìró rẹ̀ ti yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò àgbàrá lọ wò ó lábẹ́. Irin tó gbé afárá dúró ti dógùn-ún, ó ń ṣí bí èèpo igi. Ó ṣí díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ègé aṣọ wé e, ó gbé e wá sílé mi. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ wò ó, ọwọ́ lásán ni mo fi ṣí i. Mo máa gbé e ka iwájú alága lójú gbogbo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àbúrò mi ni mo máa ń pè é.

Bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi báyìí ni mo lọ bá alága. Ẹ má jẹ́ kí n di ẹ̀bi rẹ̀ ru Èṣù, kò sí ẹni tó rán mi. Àga igbákejì alága ṣófo, ojú kòkòrò ò jẹ́ kí n sùn. Alága fúnra rẹ̀ ti kéde lọ́dún tó kọjá pé wọ́n ti tún afárá ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà nìkan ni wọ́n kùn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bèèrè. Ṣáà rọra bèèrè.” Lọ́jọ́ ìjókòó, ìyá yín ṣì ń tú báàgì rẹ̀ nígbà tí mo ti dìde. Mo ní àwọn ará àdúgbò fẹ́ mọ̀ bóyá afárá wa dára fún ìrìn. Alága ní ó dára, pé ẹni tó bá lójú á ti rí i bó ṣe ń dán. Akọ̀wé lu tábìlì. Ìyá yín dìde, wọ́n ní kó jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí a jáde, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní mo yára jù, àmọ́ pé kò burú, mo ṣáà gbìyànjú. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé.

Òjò ọdún yẹn ló gbé afárá lọ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí bọ̀. Bàbá yín wà lórí rẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá ìyá yín ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní sọ ìyẹn fún yín, ẹ̀yin lẹ sin ín. Ohun tó burú jù ṣì wà níwájú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó, ìyá yín sọ pé òun ti rí irin náà, pé òun fi hàn mí. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní, “Rárá o. Ká ní ó fi hàn mí ni, ṣé èmi tí mo bèèrè ò ní sọ?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pe ìyá yín ní ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ, ìwọ ẹ̀gbọ́n, tí o yọ ọwọ́ rẹ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ. Wọ́n fún mi ní àga igbákejì, mo sì jókòó lé e. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá ti rí ìyá àti ọmọ tó dira wọn lọ́wọ́ mú, ojú mi máa ń fò lọ síbòmíràn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀kan nínú wọn á jọ̀wọ́ èkejì. Wọ́n ti ṣe afárá tuntun, mi ò gun ún rí. Mo máa ń purọ́ fún ìyàwó mi pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ sí ìyá yín. Ó wá, òun nìkan. Mo jẹ́wọ́ fún un, kò sunkún. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi. Ó wá ní, “Bọ̀dá, ọjọ́ tí ẹ jókòó lórí àga yẹn ni mo ti mọ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àwọn ọmọ mi gbà yín gbọ́ jù mí lọ.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní ọ̀dọ̀ òun kọ́ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ àbúrò, mo gbọ́ pé o fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀. Ọjọ́ tí o bá rí i pé inú alága ń dùn sí ìbéèrè rẹ, yára jókòó, kí o jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ lè ṣe é lẹ́yìn ikú mi, ẹ sì lè má ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyá yín ò tíì gbé ọmọ kankan nínú àwọn ọmọ yín mọ́ra rí. Ẹ dìde báyìí, kí ẹ gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ ti mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.