Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Erùpẹ̀ Labeebah

Ẹ̀yin ará lábù tí ẹ ń yẹ erùpẹ̀ wò, Labeebah ọmọ ọmọ mi ló ń ka ìwé yìí fún yín, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti wá. Dókítà ní ọkàn mi ti wú, kí n má rẹ́rìn-ín jù. Kí ẹ̀rín tó pa mí, ẹ gbọ́ òótọ́: Daniel tí ọ̀gá yín lé kò jẹ̀bi. Èmi Sìmbíátù, ará Alájùé, ni mo ṣe é.

Ọmọ ọmọ mi yìí wá gbẹ́ ilẹ̀ ní ahoro àwọn baba wa, ó jìn dé ìbàdí. Ó ní ọ̀rá ewé àti igi ayé àtijọ́ ṣì wà nínú erùpẹ̀ náà, òun sì fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń fà á jáde jù. Ó pín in sí àpò mẹ́ta: ọ̀kan fún rírẹ sínú kẹ́míkà, ọ̀kan tí kẹ́míkà gbígbóná yóò máa kán sí láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tó ń fi ooru fún un pọ̀. "Ìyá àgbà, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ọ̀rá ara èèyàn lásán ń bà á jẹ́." Ọwọ́ kọ́ o, ìdí ni! Mo jókòó lé àpò kẹta, ó bẹ́ gbàù. Ṣé ìdí lójú ni? Kí n tó dìde, adìyẹ ti tú erùpẹ̀ náà ká. Kàkà kí n pariwo, mo lọ bu òmíràn níbi tí mo ti ń ṣe epo pupa láti ogún ọdún, mo dì í, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ yín wá fa ọ̀rá jáde bí ẹni ń fún wàrà màlúù. Ọ̀gá yín ní Daniel tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kò fọ ìgò ni ọ̀rá fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó fún un níwèé, ó lé e. Ọmọ ọ̀hún wá bá mi nílé. "Màmá, ẹ dákun, ṣé ẹnikẹ́ni ṣí àwọn àpò yẹn?" Mo wò ó ní kòró ojú. "Èmi ni n óò wá máa ṣọ́ yẹ̀pẹ̀? Lọ fọ ìgò ẹ!" Mo sì bu epo kún ike fún un. Ó dọ̀bálẹ̀: "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín." Ìyẹn ló burú jù. Ó ṣàdúà fún ọwọ́ tó bà á jẹ́, mo sì ṣe àmín. Àgbàyà ni mí!

N ò ní kúnlẹ̀ fún ọ̀gá yín o. Ẹni tó dájọ́ láì béèrè ibi tí erùpẹ̀ ti wá ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Daniel nìkan ni mo bẹ̀: ọmọ mi, foríjì mí. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi sókè kí Alájùé gbọ́. Ihò yẹn ṣì wà, Labeebah. Wá bu erùpẹ̀ mìíràn, kí ẹ tún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ba nǹkan oníǹkan jẹ́, ẹ kígbe kí ẹ tó dìde. Kí ọ̀gá mú ìwé tó fi lé Daniel, kó pa orúkọ ọmọ yẹn rẹ́, kó kọ tèmi síbẹ̀ gàdàgbà: Sìmbíátù Àjọkẹ́. Bí kò bá mọ ilé mi, kó béèrè.